Níbo Ni Ìrókò Ti Rí Ìwúwo Rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú kóró ìrókò kan, èyí tó kéré ju èékánná lọ, ká gbìn ín. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, igi náà yóò ti di ohun tí ọkọ̀ agbégilódò kan ò lè rù tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Níbo ni gbogbo ìwúwo yẹn ti wá? Ìbéèrè yìí dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n ó ń mú àgbà tó kàwé làágùn. Ọ̀pọ̀ ló máa ní ilẹ̀ ni. Ìdáhùn náà sì bọ́gbọ́n mu, torí ta ni kò mọ̀ pé ilẹ̀ tó ti ṣá kì í mú àgbàdo jáde dáadáa, ta ni kò tíì rí àgbẹ̀ tó ń wọ́n ajílẹ̀ sídìí irúgbìn? Ohun tó bá gba gbòǹgbò wọlé, a gbà pé òun ló di igi. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ewé ń gba kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì láti inú afẹ́fẹ́, ó ń fi agbára oòrùn lò ó pọ̀ mọ́ omi, ó ń sọ ọ́ di ṣúgà, ṣúgà sì ń di igi. Bí igi bá gbẹ tán, ohun tó ti inú afẹ́fẹ́ wá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ilẹ̀ ní ipa tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí iyọ̀ ṣe ní ipa nínú ọbẹ̀ ni: ọbẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ṣaláìní in, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fi iyọ̀ yó.

Jan Baptist van Helmont, ará Brussels, ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò láyé àtijọ́. Ó wọn erùpẹ̀ gbígbẹ pọ́n-ùn 200 sínú ìkòkò ńlá kan, ó gbin igi willow tó wúwo tó pọ́n-ùn 5 sí i, omi nìkan ló sì ń bù sí i fún ọdún 5. Nígbà tó hú igi náà, ó ti di pọ́n-ùn 169 ó lé díẹ̀. Ohun tó dín nínú erùpẹ̀ kò ju nǹkan bí áúnsì 2 lọ. Ìwé tó kọ ọ́ sí jáde ní 1648, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ilẹ̀ bọ́ lọ́rùn ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n omi ni van Helmont wá dì mú: ó ní omi ló di igi. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí ni pé òun náà ló dá ọ̀rọ̀ náà gáàsì sílẹ̀, òun náà ló kíyè sí afẹ́fẹ́ tí èédú ń tú jáde bó bá ń jó, èyí tí aráyé wá mọ̀ sí kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì. Ẹni tó sọ àlejò lórúkọ kò mọ̀ pé àlejò ọ̀hún ló ń kọ́lé sínú igi òun. Bí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ bá lè ṣì í, ọmọ SS2 tó bá pe ilẹ̀ kì í ṣe olódo.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tuntun gbọ́dọ̀ yege kó tó gba láísẹ́ńsì ló mú mi máa yí igi yìí po. Ìmọ̀ méjì ló wà nídìí ìbéèrè yẹn, wọn kì í sì í ṣe ìbejì. Èkíní ni kí olùkọ́ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni. Èkejì ni kó ti mọ̀, kó tó wọ kíláàsì rárá, pé ilẹ̀ ni àwọn ọmọ máa pè, kó mọ ìdí tí wọ́n á fi pè é, kó sì mọ ohun tó máa gbé síwájú wọn tí ojú wọn á fi là. Ẹni tó ní èkíní láìní èkejì yóò kọ ìdáhùn sára pátákó, àwọn ọmọ yóò dà á kọ, wọn yóò há a sórí de ìdánwò WAEC; bí WAEC bá ti lọ, ilẹ̀ yóò ṣì wà lọ́kàn wọn níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ìdánwò láísẹ́ńsì tí kò bá wá ìmọ̀ kejì yìí, tí kò sì wo ọwọ́ olùkọ́ nínú láàbù, kò tíì dán olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wò. Ẹlòmíràn ló dán wò.

Ní Nàìjíríà, Òfin 31 ti ọdún 1993 ló dá TRCN sílẹ̀, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sínú ìwé. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó yẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún: ẹni tó bá ní NCE tàbí oyè nínú ẹ̀kọ́ ìkọ́ni á kó ìwé rẹ̀ lọ, wọn á sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2017 ni ìdánwò tí wọ́n ń pè ní PQE bẹ̀rẹ̀, ìjọba sì fi ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2019 ṣe gbèdéke fún olùkọ́ tí kò bá tíì kúnjú ìwọ̀n. Ẹni tó gboyè nínú físíìsì tàbí kẹ́mísìrì láìkọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní láti lọ gba PGDE, ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni, mọ́ ọn. Mo fara mọ́ gbogbo èyí. Ẹni tó bá ní òun ó dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń kọ́kọ́ wò. N kò bá ẹnikẹ́ni jà pé ìdánwò wà; ohun tó ń béèrè ni mo dojú kọ. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe PQE, ìpele mẹ́rin ló sì ní: ti NCE, ti oyè àkọ́kọ́, ti oyè kejì àti ti ọ̀mọ̀wé. Ẹ wo ìpín yẹn dáadáa. Ìwé ẹ̀rí tó wà lápò olùdíje ni wọ́n fi pín in, kì í ṣe iṣẹ́ tí oníkálukú máa lọ ṣe ní kíláàsì. Olùkọ́ físíìsì tó ní B.Sc. Ed. àti olùkọ́ ìtàn tó ní B.A. Ed., orí ẹní kan náà ni wọ́n jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìtàn kì í jó ènìyàn lọ́wọ́. Ásíìdì ń jóni.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan, kì í sì í ṣe tuntun. Lee Shulman, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford nígbà náà, yẹ ìdánwò olùkọ́ tí ìpínlẹ̀ California ṣe ní 1875 wò nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní 1986. Máàkì 1,000 ni gbogbo rẹ̀. 50 péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà ìkọ́ni. Ìmọ̀ inú ìwé ló gba ìyókù. Nígbà tí Shulman wá wo àwọn ìdánwò ìgbà tirẹ̀, wọ́n ti yí bírí: bí a ṣe ń ṣètò kíláàsì, bí a ṣe ń kọ ètò ẹ̀kọ́, bí a ṣe ń bá ọmọ wí, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ ọmọ gan-an ti rá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ní ìmọ̀ kan wà láàárín méjèèjì tí kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀, ìmọ̀ bí a ṣe ń kọ́ni ní nǹkan pàtó yìí: ibi tó ti máa ń le, àfiwé tó máa ń là á yéni, àfiwé tó máa ń ṣini lọ́nà. Ó jọ mí lójú pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ni ọ̀rọ̀ Shulman yóò kọ́kọ́ yé. Ìyá aláró ò kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìkọ́ni, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ọmọṣẹ́ tuntun ti máa ń ba aró jẹ́, ó sì ti lọ dúró dè é níbẹ̀.

Ẹ̀rí wà pé ìdúródeni yìí ń so èso. Philip Sadler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard kó olùkọ́ sáyẹ́ǹsì 181 jọ ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn tó lé ní 9,500, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2013. Ìbéèrè ọ́bújẹ́ẹ̀tífù ni wọ́n lò, irú tí a ń yan A tàbí B. Ohun méjì ni wọ́n sì bi olùkọ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: èwo ló tọ́, èwo sì ni kò tọ́ tí àwọn ọmọ rẹ máa rọ́ lọ bá jù? Èkíní kò yọ wọ́n lẹ́nu. Èkejì ni wọ́n ti kọsẹ̀, torí kò tó ìdajì ìgbà tí wọ́n mọ ibi tí ọmọ máa ṣì í. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ parí, tí wọ́n tún dán àwọn ọmọ wò, àwọn tí olùkọ́ wọn mọ ìdáhùn tó sì mọ àṣìṣe ló tẹ̀ síwájú jù níbi tí èrò òdì ti ta gbòǹgbò. Kí n má purọ́, àǹfààní náà kò kárí: àwọn ọmọ tí ìwé kíkà àti ìṣirò wọn mẹ́hẹ kò rí tó bẹ́ẹ̀ jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò wa kíyè sí jù ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe ìwádìí ọ̀hún. A-B-C-D náà ni. Kọ̀ǹpútà tó ń bi olùkọ́ nísinsìnyí pé èwo ló tọ́ lè bi í pé èwo ni ọmọ máa ṣì mú, láìfi kọ́bọ̀ kan lé owó iná.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àṣìṣe ọmọ tún ní ìdí kan tí ìwádìí Harvard kò lè rí, torí inú èdè ló sá sí. Iná la fi ń se ọbẹ̀, iná la fi ń ríran lálẹ́, iná náà ni NEPA mú lọ. Ìyá ra yúnìtì sórí mítà, ọmọ ń wo bí nọ́ńbà náà ṣe ń jó tán. Ọjọ́ tí olùkọ́ físíìsì wá sọ fún un pé bí ìṣàn iná ṣe wọ gílóòbù náà ló ṣe gba òdì kejì jáde, pé gílóòbù kò jẹ ẹ̀kán nínú rẹ̀, ọmọ yóò dákẹ́, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́. Ojú rẹ̀ ló ṣe nílé. Olùkọ́ tó mọ̀ pé mítà ni ọmọ ń rò yóò là á fún un pé ohun tí ìyá rà, tó sì ń tán, yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣàn kiri nínú wáyà. Ohun tó ń tán ni à ń pè ní agbára. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀gún mìíràn wà: force, energy, power, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ìwé físíìsì yà sọ́tọ̀ gedegbe, tó sì ń fìyà jẹ ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀, agbára ni gbogbo wọn lẹ́nu wa. Kì í ṣe àbùkù èdè Yorùbá. Ará Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lọ́jà. Inú ìwé nìkan ló ti ń yà wọ́n. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọmọ gbé wá láti ilé kò ní mọ ìdí tí ìdáhùn rẹ̀ fi ń wọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti ìyókù. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà yẹn, a ti ń jiyàn lórí èdè tó yẹ ká fi kọ́ni, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè kan wà tí kò ní àríyàn nínú: èdè yòówù kí olùkọ́ máa sọ, ṣé ó mọ ohun tí èdè ilé ń ṣe sí ẹ̀kọ́ náà lórí ọmọ? Ìbéèrè márùn-ún péré nínú ìdánwò láísẹ́ńsì tó láti mọ̀.

Mo ti sọ pé ọwọ́ náà ṣe pàtàkì, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀. Lọ́dọọdún, WAEC ń ní kí ọmọ SS3 tó ń ṣe kẹ́mísìrì dúró nídìí tábìlì, kó da ásíìdì sínú búrẹ́ẹ̀tì, kó fi pìpẹ́ẹ̀tì wọn àlùkálì, kó máa kán ásíìdì sí i títí àwọ̀ yóò fi yí, kó sì ka iye tó lò. Kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò àfọwọ́ṣe yìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń máàkì rẹ̀. WAEC kò sí níbẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń po ásíìdì tirẹ̀, kò lè mọ bó ṣe le tó gan-an. Nítorí náà, olùkọ́ kẹ́mísìrì náà yóò ṣe titration ọ̀hún fúnra rẹ̀, nọ́ńbà tó bá rí ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àwọn ọmọ, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n sì ń gbé ti àwọn ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò. Ẹni tí tirẹ̀ bá sún mọ́ ti olùkọ́ yóò gba máàkì, ẹni tí tirẹ̀ bá jìnnà yóò pàdánù. Ọwọ́ olùkọ́ ni òṣùwọ̀n. Bó bá ka búrẹ́ẹ̀tì láti òkè, tí ojú rẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ kọ́ńkọ́tọ́ tí omi ń ṣe nínú gíláàsì, bó bá gbàgbé afẹ́fẹ́ sí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, ọmọ tó ṣe é dáadáa yóò fìdí rẹmi, ọmọ tó ṣì í bó ti ṣì í yóò sì yege. Òṣùwọ̀n yìí, tí ogójì tàbí ọgọ́ta ọmọ máa fi orí wọn lé, kò sí ìdánwò láísẹ́ńsì kankan tó tíì wò ó rí. A ń ní kí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún di búrẹ́ẹ̀tì mú kó tó lè yege, a ò ní kí ẹni tó máa kọ́ ọ fọwọ́ kàn án.

Ẹ lọ wo ọjọ́ tí télọ̀ ń ṣe fírídọ̀m fún ọmọṣẹ́. Jàǹkàn ni wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ya fọ́tò, ọ̀gá ń gbàdúrà, ó ń fún ọmọ ní sísọ́ọ̀sì àti téèpù. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ yẹn tó dé, ọ̀gá ti rí aṣọ tí ọmọ gé, ó ti rí ọrùn tó wọ́ àti èyí tó jókòó. Kò sí ọ̀gá télọ̀ kan tó máa bi ọmọṣẹ́ pé nínú A, B, C àti D, èwo ni ọ̀nà tí a ń gbà dá apá aṣọ. Láyé ìwé ẹ̀rí olùkọ́ Gíréèdì Tuu pàápàá, olùdánwò ń wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó ń wo ẹni tó ń kọ́ni bó ṣe ń ṣe é. Lóòótọ́, wọ́n ṣì ń ṣe TP, ìkọ́ni àfidánrawò, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì, olùkọ́ àgbà ṣì ń lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì. Àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọ ló tún ń dán an wò níbẹ̀, bí ìyàwó ilé tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ yin ọbẹ̀ tó sè. Ìdí tí a fi dá ìdánwò láísẹ́ńsì sílẹ̀ ni kí ojú ẹlòmíràn tún wò ó. Ojú ẹlòmíràn náà ti wá dé, ó sì kọ̀ láti wo ọwọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn kò ní ṣàìrí ọ̀rọ̀ sọ. Yóò ní: ìwọ ń sọ ti búrẹ́ẹ̀tì, ilé-ẹ̀kọ́ mélòó ló ní láàbù? Òtítọ́ ni. Ọ̀pọ̀ láàbù ló jẹ́ yàrá tí wọ́n ń tì pa títí di oṣù díẹ̀ sí WAEC, tí ẹrù inú rẹ̀ kò ju férémù tábìlì àti aláǹgbá lọ. Àmọ́ ibi tí láàbù kò bá sí gan-an ni ọwọ́ ti wúlò jù. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ lè fi omi ìṣápá pupa, èyí tí a fi ń ṣe sóbò, ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi eérú tí àwọn ìyá fi ń ṣe ọṣẹ dúdú kọ́ kíláàsì ní ásíìdì àti àlùkálì: bó bá fún ọsàn sí ìṣápá, á pọ́n dan-in, bó bá da omi eérú sí i, àwọ̀ á yí padà lójú gbogbo ọmọ. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì, wáyà kúkúrú àti gílóòbù kéékèèké méjì tó láti fi hàn pé ìṣàn iná kì í tán lójú ọ̀nà. Ìdánwò tó bá gbé irú ẹrù yìí síwájú olùdíje fún wákàtí kan, tó ní kó fi kọ́ni ní nǹkan, kò náni lówó kan ṣàṣà. WAEC tó ń ṣe ti ọmọ jákèjádò orílẹ̀-èdè lọ́dọọdún ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Iyàn kejì nípọn ju ìyẹn lọ. Wọ́n á ní olùkọ́ físíìsì kò pọ̀ tẹ́lẹ̀, pé bí ẹnu ọ̀nà bá tún fún sí i, àwọn tó kù á lọ sí báńkì. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní olùkọ́ físíìsì rárá, kí ló fẹ́ fi ìdánwò tó dáa ṣe? N kò lè fi ọwọ́ rọ́ èyí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ti fún tẹ́lẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ ni kò wúlò. Ẹni tó gboyè nínú físíìsì tó ń há ìtàn ẹ̀kọ́ ìwé ní Nàìjíríà sórí nítorí ìdánwò ti ná àkókò náà, ó ti ná owó náà. Bí a bá ní kó fi àkókò kan náà kọ́ ibi tí ọmọ ti máa ń ṣi Òfin Newton mú, kò ná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti rí ohun tó máa lò ní ọjọ́ Ajé. Ohun tó ń lé ènìyàn lọ sí báńkì kì í ṣe ìdánwò. Owó oṣù ni, gbogbo wa la sì mọ̀.

Ìbẹ̀rù àwọn olùkọ́ náà tún wà. Ní 2012, ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí ní Èkìtì fẹ́ dán àwọn olùkọ́ wò, ó ní kí òun lè mọ ẹ̀kọ́ tó yẹ kí òun fi kún tiwọn ni. Àwọn olùkọ́ kọ̀ ọ́ jálẹ̀, wọn ò sì jókòó sí i. Nígbà tí gómìnà náà fìdí rẹmi ní 2014, ọ̀pọ̀ ló ka ìbínú wọn mọ́ ohun tó fà á. Ní Kàdúná ní 2017, gómìnà kéde pé nínú olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó tó 33,000, 21,780 ni kò gba máàkì 75 nínú ìdánwò ọmọ kíláàsì kẹrin, ó sì ní wọn ó lọ sílé. Lẹ́yìn irú èyí, olùkọ́ wo ló máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdánwò tí kò ní gbọ́ ìró ọ̀bẹ? Mi ò dá wọn lẹ́bi. Àmọ́ ìdánwò tí a fi ń lé ẹni tó ti kọ́ni fún ogún ọdún yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń gba ẹni tuntun wọlé. Àkọ́kọ́ dà bí ìgbà tí a ní kí ọkọ tún wá san ìdána lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ ti bímọ mẹ́ta. Ẹni tuntun ló mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá, ẹni tuntun ló láyè láti múra. Òun nìkan ni mo ń sọ.

Iyàn tó ń dà mí láàmú jù ni èyí tó ní ìdánwò kì í sọ àsọtẹ́lẹ̀ tó dáa. Dan Goldhaber wo àwọn olùkọ́ North Carolina, ó rí i ní 2007 pé ìdánwò láísẹ́ńsì ní ohun díẹ̀ tó ń sọ nípa ẹni tí ọmọ rẹ̀ máa ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni; àwọn kan tí ìdánwò dá padà ì bá dára ju àwọn kan tó gbà wọlé. Ní 2015, adájọ́ kan ní New York sọ pé ìdánwò kan tí ìpínlẹ̀ náà ti ń fún olùkọ́ tẹ́lẹ̀ kò bófin mu, torí ó ń dá aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ Latino padà ju òyìnbó lọ, wọn ò sì lè fi hàn pé ohun tó ń béèrè kan iṣẹ́ ìkọ́ni. Wọ́n tún gbìyànjú edTPA, níbi tí olùkọ́ tuntun ti ń ya fídíò ara rẹ̀ ní kíláàsì, tó sì ń san $300, ṣùgbọ́n New York pa á tì ní 2022. Ẹnìkan lè ní gbogbo ìtàn yìí ń sọ pé ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bí mo ṣe kà á yàtọ̀. Ohun tí adájọ́ yẹn sọ kò ju ohun tí mo ń sọ láti òkè wá: bí o bá máa dí ọ̀nà iṣẹ́ mọ́ ènìyàn, ìwọ ni kí o fi hàn pé ohun tí o béèrè jẹ́ ara iṣẹ́ náà. Kíka búrẹ́ẹ̀tì jẹ́ ara iṣẹ́ náà. Mímọ̀ pé ọmọ máa pe ilẹ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ náà. Bóyá àwọn méjèèjì yóò sọ àsọtẹ́lẹ̀ tó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iyèméjì wà lọ́kàn mi. Sadler fún mi ní ìrètí, Goldhaber ń fà mí léwù. Ó kéré tán, ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ yóò mọ ohun tó yẹ kó lọ kọ́, ohun tó bá sì kọ́ yóò wúlò.

Ní báyìí, láísẹ́ńsì náà ti rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Láti oṣù Kejì 2023, England ṣí ọ̀nà tuntun fún olùkọ́ láti Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn láti di olùkọ́ tó kúnjú ìwọ̀n níbẹ̀, olùkọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè ni wọ́n sì sọ pé àwọn ń gbà láti ọ̀dọ̀ tiwa. Lẹ́tà TRCN wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. England yìí kan náà ló pa ìdánwò ìwé kíkà àti ìṣirò tó ń fún àwọn olùkọ́ tuntun tirẹ̀ rẹ́ ní 2020. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ń ṣe PQE lónìí lè máa ro Ìkòròdú, ó sì lè máa ro Birmingham. Ìdánwò náà kò mọ ìyàtọ̀, torí kò sí ohun tó bi í tó jẹ mọ́ ọmọ Ìkòròdú ní pàtó. Mi ò bínú sí ẹni tó ń lọ. Èyí tó kù nílé ni mo ń rò, ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò kẹ́mísìrì, kí àwọn ọmọ tó wọlé, tó tẹ̀ ba nídìí búrẹ́ẹ̀tì kí ojú rẹ̀ lè dọ́gba pẹ̀lú omi, tó ń wò ó lẹ́ẹ̀kejì, kó tó mú báírò láti kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀.